"Oko mi ti baje"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀fà ní Ọ̀fà Garage. Ọkọ̀ ò tíì kún, oòrùn sì mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí ń ka ìtàn àròsọ Yorùbá kan lórí fóònù. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣì ń gbé ìwé kiri? Gbogbo ẹ̀ ti wà nínú fóònù o." Mo ní kó jẹ́ n wo tiẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni: "Oko mi ti baje."

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fònọ́lọ́jì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣé ọkọ ló bàjẹ́ ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́, àbí oko? (Ẹ jẹ́ n fi èyí tó kù sílẹ̀, àgbàlagbà ni mí.) Ọmọ náà ní bí òun bá kà síwájú, òun á mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kí òǹkọ̀wé ti ṣe tán ni òǹkàwé wá ń ṣe yẹn.

Kì í ṣe pé fóònù ò lè gbé àmì. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ ò ní. Àfi ká gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí lọ́tọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí a lè gbà tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ju ẹyọ kan lọ. Lójú èèyàn, kò sí ìyàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ, ó lè di ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ ó wá a títí, ẹ ò ní rí i.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Ní 1996, mo tẹ àkọsílẹ̀ ìkọ́ni mi sínú dískì pẹ̀lú fọ́ǹtì tí ẹnì kan dọ́gbọ́n ṣe fún Yorùbá. Nígbà tí mo rí ẹni bá mi ṣí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀, gbogbo ẹ̀ ti di àmì owó àti àmì ìbéèrè. Èyí tí mo tẹ̀ sórí pépà ló ṣẹ́ kù. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 ńkọ́? Ojú lásán la fi ń kà á.

Ẹ̀dà àtijọ́ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1938, ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. "Aiye", "enia", "nwọn": bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n kí àkọtọ́ òde òní tó gba òǹtẹ̀ ìjọba ní 1974 ló ṣì wà níbẹ̀. Àmì ohùn ibẹ̀ ò tó, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n àìtó yẹn gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Ìwé orí ẹ̀rọ, wọ́n lè yí i padà lóru kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní 2009, Amazon yọ ìwé méjì ti George Orwell kúrò lórí Kindle àwọn tó ti sanwó ẹ̀. Wọ́n dá owó padà o, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ. 1984 wà lára ẹ̀!

Mi ò bá fóònù jà. Ojú mi ò ríran tó tẹ́lẹ̀ mọ́, fóònù ń bá mi mú lẹ́tà tóbi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà, fóònù lẹ fi ń ka èyí.

Ọkọ̀ kún, a gbéra. Ọmọ náà gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí 'n' fi wà níwájú 'wọn'?" Mo sọ fún un pé ìró w ibẹ̀ ń gba imú kọjá, àwọn tó kọ ọ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fọwọ́ kan imú ẹ̀. Ohun tá à ń sọ nìyẹn títí a fi dé Àjàṣẹ́.