Ọba So, Ọba Kò So

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn mọ̀lẹ́bí kan níbí ní Òkè-Bùkún gbé ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn tó papòdà wá fún mi, pé kí n bá wọn yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Nínú ojú ìwé mẹ́rin, bàbá yẹn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo rẹ́rìn-ín. Oko tí gbogbo wa fi mọ̀ ọ́n, ti àbúrò rẹ̀ ni. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò náà sì kú sí ìdálẹ̀. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo wá ń ro ti àwọn akọni.

Ẹ wo Ṣàngó. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tó jáde ní 1921, oògùn tí ń fa àrá ni ọba yìí ń dán wò lórí òkè tí àrá fi já lu ààfin òun fúnra rẹ̀, tó pa ìyàwó, tó pa ọmọ. Ó fi ìlú sílẹ̀, ó fẹ́ lọ bá àwọn ará ìyá rẹ̀ nílẹ̀ Tápà (orúkọ tí kì í dùn létí àwa ọmọ Òkun, nítorí ohun tí ogun Núpé fojú wa rí ní ọ̀rúndún 19). Àwọn èèyàn rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pokùn so. Kí ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wá ṣe? Sílébù kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un: "ọba so" di "ọba kò so". Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbólóhùn yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní atọ́ka ìyísódì, n kò sì tíì rí wúnrẹ̀n kékeré mìíràn tó ru ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀. Kòso náà sì ni ibi ojúbọ rẹ̀ ń jẹ́. Ẹ pe "ọba Kòso", ẹ pe "ọba kò so", ohùn kan náà ni. Èwo ló ṣáájú? Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Ti Dáfídì, fífò ni wọ́n fò ó. Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 11, kò ṣàánú rẹ̀ rárá: ó gba ìyàwó Ùráyà, ó sì fi lẹ́tà ikú Ùráyà rán Ùráyà fúnra rẹ̀ sí Jóábù. Ẹ wá ṣí Kíróníkà Kìíní, orí 20. Ogun kan náà, ìlú Rábà kan náà, ọba jókòó sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n ṣẹ́gun, ó parí. Kò sí obìnrin, kò sí òkú. Òǹkọ̀wé yẹn kò purọ́ o, ó kàn dákẹ́ ni. Èmi ò fẹ́ràn irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Ìrè-Èkìtì kò fi "kò" kankan bo ti Ògún. Ó dé láti ojú ogun, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá agbè ẹmu tó ṣófo, ó kí wọn, wọn ò dáhùn, nítorí ọjọ́ tí a kì í sọ̀rọ̀ ni. Ó yọ idà. Nígbà tó mọ ohun tó ṣe, ó wọlẹ̀ lọ. Àwọn tó ń bọ ọ́ gan-an ló ń sọ ọ́! Bẹ́ẹ̀ náà ni Homer: nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú Ílíádì ni ìbínú, ìbínú Achilles tó kó àwọn ará ilé rẹ̀ lọ sọ́run. Àwọn kan á ní kí n má fi òrìṣà wé ọba inú Bíbélì. Mi ò fi ìgbàgbọ́ wéra, ọ̀nà ìsọ̀tàn ni mò ń wò. Ìyàtọ̀ tó sì wà níbẹ̀ ni pé Dáfídì rí Nátánì tó kò ó lójú, tí Ògún kò rí ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Mátíù ló wù mí jù. Nígbà tó ń to ìdílé Jésù, tó kan Sólómọ́nì, kò dárúkọ Bátíṣébà. Ó ní ẹni tó ti jẹ́ aya Ùráyà ni ìyá rẹ̀. Kò ṣe àlàyé kankan, ó kọjá lọ.

Mo fi àmì ohùn sí ìwé mọ̀lẹ́bí yẹn tán. Níbi tí wọ́n ti kọ "oko bàbá", mo kọ "oko tó jẹ́ ti àbúrò bàbá", mo sì dárúkọ àbúrò náà. Àkọ́bí ọkùnrin pè mí lánàá, pé "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Mo ní kó lọ bi àwọn ọmọ àbúrò náà. Kò tíì padà pè mí.