Òpó Èdè nínú Èrò Awólọ́wọ̀
Nínú Thoughts on Nigerian Constitution (1966), Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi èdè ṣe òpó ìpínlẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ló kọ ọ́. Èdè kan náà kò mú kí Rẹ́mọ gbà láti wà lábẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní àwọn ọdún 1930 ni wọ́n jà gba ìṣàkóso tiwọn. Àwọn kan nínú àwọn ìlú tó para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872 kò tìtorí bẹ́ẹ̀ pa oyè olórí wọn rẹ́. Òpó èdè lè fi ààlà ìpínlẹ̀ hàn. Kò lè sọ ohun tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún ìlú. Ibi tí kò dé yìí gan-an ni ẹjọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ní 11 oṣù Keje 2024 bọ́ sí: kí owó ìjọba ìbílẹ̀ má gba ọwọ́ gómìnà mọ́.