Ẹlẹ́rìí Tí A Lè Bi Léèrè: Lámèyítọ́ Lórí Àwòrán Ìràwọ̀ Onírù àti Ojú Ọ̀run Jíjìn

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú iṣẹ́ ọnà tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, ojú gan-an ni kò tó. Ẹni tó bá lọ síbi tó ṣókùnkùn dáadáa, tó gbé ojú lé tẹlisíkóòpù, tó sì wo kùrukùru ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Orion, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sábà máa rí. Àwòrán kùrukùru kan náà láti inú kámẹ́rà yóò kún fún pupa àti àwọ̀ aró, òjìji dúdú yóò sì lọ́ mọ́ wọn. Èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì? Àwọn kan ti dáhùn tipẹ́: wọ́n ní ohun tí ojú kò bá rí, kọ̀ǹpútà ló hùmọ̀ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán ojú ọ̀run ṣe jọ ohun tí ojú rí tó kọ́ ni a ó fi mọ òótọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni àwòrán náà, a sì gbọ́dọ̀ lè bi í léèrè. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè lọ wádìí ohun tó sọ. Bí ó bá yege nínú ìwádìí yẹn ni ẹwà rẹ̀ tó níyì.

Àwọn tí iṣẹ́ ojú ọ̀run kì í ṣe oúnjẹ òòjọ́ wọn, àwọn tí mo pè ní afìfẹ́ṣe, wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí. William Usherwood, ayàwòrán kan ní Surrey nílẹ̀ England, ló kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya ìràwọ̀ onírù. Ìràwọ̀ Donati ni, ní oṣù September ọdún 1858, ìṣẹ́jú àáyá 7 péré ló sì fi ṣí ojú kámẹ́rà. Ní 1880, Henry Draper, oníṣègùn ní New York, ya kùrukùru Orion fún ìṣẹ́jú 51. Ní 1883, Andrew Ainslie Common, ẹnjinníà tó ń gbé ní Ealing, ya kùrukùru yìí kan náà, àwọn ìràwọ̀ tí ojú kò rí rí nínú tẹlisíkóòpù sì hàn lórí àwo gíláàsì rẹ̀. Nígbà tó di 1888, Isaac Roberts, tó ti fi iṣẹ́ ilé kíkọ́ lówó ní Liverpool, dojú tẹlisíkóòpù rẹ̀ kọ àgbájọ ìràwọ̀ Andromeda fún nǹkan bí wákàtí 4. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ń wò bí ìkùukùu láti ọjọ́ pípẹ́ wá fi apá hàn, àwọn apá tó yí po mọ́ àárín. Láti ìgbà náà ni kámẹ́rà ti kúrò lẹ́yìn ojú, tó sì bọ́ síwájú rẹ̀.

Ohun tó mú un bọ́ síwájú kò ṣòro láti mọ̀. Ojú kì í tọ́jú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó wọlé báyìí ti kọjá lọ. Kámẹ́rà ń kó o jọ. Afìfẹ́ṣe òde òní máa ń ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán ohun kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n lé ara wọn. Hóróhóró tó ń ba ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ kì í bọ́ sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kùrukùru kì í kúrò lójú tirẹ̀, ó ń lágbára sí i. Bí a bá to 100 àwòrán jọ, àbájáde rẹ̀ yóò mọ́ ní ìlọ́po 10 ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ̀ òfurufú tó gba inú ẹyọ kan kọjá yóò dànù, nítorí pé àwọn àwòrán yòókù kò jẹ́rìí sí i. Ìbéèrè ẹlẹ́rìí ni iṣẹ́ yìí látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní ìṣaralóge kò tíì wo inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà le jù lọ lórí ìràwọ̀ onírù, nítorí pé kì í dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti kúrò ní ibi tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ yòókù. Bí a bá to àwọn àwòrán tẹ̀ lé ìràwọ̀ onírù, àwọn ìràwọ̀ yóò fà bí ìlà. Bí a bá sì tẹ̀ lé àwọn ìràwọ̀, òun ni yóò dà rú. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá so wọ́n pọ̀, kí orí ìràwọ̀ onírù lè mú gírígírí láàárín àwọn ìràwọ̀ tó rí róbótó. Ìṣẹ́jú kankan kò sí tí ojú ọ̀run rí bẹ́ẹ̀ gan-an fún kámẹ́rà. Ṣé irọ́ ni? Bí ayàwòrán bá gbé ìràwọ̀ onírù sí ibi tó wà ní wákàtí kan pàtó, tó sì sọ wákàtí náà, mo gbà pé ẹ̀rí ni. Bí ó bá fẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi, tàbí tó gbé e lé ojú ọ̀run alẹ́ mìíràn, ẹ̀rí ti bàjẹ́, bó ti wù kí àwòrán náà dùn ún wò tó.

Ewu kejì fara sin ju ìyẹn lọ. Ìràwọ̀ onírù sábà máa ń ní ìrù méjì. Ọ̀kan jẹ́ eruku, ó sì máa ń tẹ̀. Èkejì jẹ́ afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, èyí tí ìjì oòrùn ń tì sẹ́yìn tààrà. Ìrù kejì yìí lè yí padà láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó bá to àwòrán wákàtí púpọ̀ jọ yóò rí ìrù tó ń dán, ṣùgbọ́n kókó àti ìkọ́ inú rẹ̀ yóò ti parẹ́. Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ Gerald Rhemann ará Austria nìyí. Ní ọjọ́ 25 oṣù December 2021, láti Namibia, ó ya ìràwọ̀ Leonard ní àsìkò tí ìjì oòrùn já apá kan lára ìrù afẹ́fẹ́ rẹ̀, tó sì ń gbé e lọ. Disconnection Event ni àkọlé àwòrán náà, òun ló sì gba ipò kìíní nínú ìdíje àwòrán ojú ọ̀run ti Royal Observatory Greenwich ní 2022. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ya irú rẹ̀: onímọ̀ ìràwọ̀ E. E. Barnard ti ya ìrù tó fọ́ bẹ́ẹ̀ lára ìràwọ̀ onírù Brooks ní 1893. Agbára iṣẹ́ Rhemann wà nínú pé kò jẹ́ kí wíwá àwòrán mímọ́ pa ìṣẹ̀lẹ̀ náà mọ́lẹ̀. A rí ìràwọ̀ onírù níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Àwọ̀ náà ní ohun tó ń sọ. Àwọ̀ ewé tó máa ń wà ní orí ìràwọ̀ onírù wá láti ara kábọ́nù tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ so pọ̀ ní méjì-méjì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń tú u ká kó tó bá ìrù dé ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, àwòrán tí ìrù rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé láti orí dé ìdí, ọwọ́ ayàwòrán ló fi í síbẹ̀. Ti kùrukùru gba àlàyé díẹ̀ sí i. Ní 1995, Jeff Hester àti Paul Scowen fi tẹlisíkóòpù Hubble ya òpó gàgàrà inú kùrukùru Eagle: wọ́n fi pupa ṣojú imí-ọjọ́, àwọ̀ ewé ṣojú háídrójìn, àwọ̀ aró ṣojú ọ́ksíjìn. Pupa ni ìmọ́lẹ̀ imí-ọjọ́ àti ti háídrójìn tí wọ́n yà sílẹ̀, nítorí náà ìyàsọ́tọ̀ yìí ló jẹ́ ká mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Mo gbà á bí a ṣe ń gba àwọ̀ orí máàpù. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé ọ̀pọ̀ afìfẹ́ṣe ti sọ ọ́ di àṣà, tí gbogbo kùrukùru fi di góòlù àti aró, ohun yòówù kó wà nínú wọn. Àwọ̀ tó bá rí bákan náà níbi gbogbo kò jẹ́rìí nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún èrò mi wá láti Andromeda tí Roberts yà. Kò sí ohun púpọ̀ lójú ọ̀run tí wọ́n tún ń yà tó o. Síbẹ̀, ní 2022, Yann Sainty ní France ń lo tẹlisíkóòpù kékeré tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 106, ó sì fi asẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ọ́ksíjìn nìkan sí i. Òun, Marcel Drechsler àti Xavier Strottner rí ohun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó tẹ̀ bí ọrun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbájọ ìràwọ̀ náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Wọn kò sáré lọ pariwo rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn fi irinṣẹ́ tiwọn yà á wò, àwọn yẹn sì rí i. Ní 2023 ni wọ́n àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, àwòrán náà sì gba ipò kìíní ní Greenwich lọ́dún kan náà. Ẹwà aró fífẹ́lẹ́ yẹn jinlẹ̀ nítorí pé gbogbo ẹni tó bá ní asẹ́, òkùnkùn àti sùúrù lè lọ bá a níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọminú sí àwọn ètò kọ̀ǹpútà tuntun tó ti kọ́ bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí láti ara àwòrán ẹlòmíràn. Bí ètò bẹ́ẹ̀ bá ń nu hóróhóró kúrò, ó ń ran ẹlẹ́rìí lọ́wọ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́nrán kùrukùru kún ibi tí kámẹ́rà kò ti gba ìmọ́lẹ̀ kankan, ó ti ń gbẹnu ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Bí ohun tí Sainty rí bá ti wà lọ́wọ́ irú ètò yẹn, ó lè nù ún dànù bí àbàwọ́n, nítorí pé kò sí nínú ohun tó kọ́.

Nítorí náà, ọjọ́, ibi, iye wákàtí, irú asẹ́ àti ọ̀nà tí a gbà so àwòrán pọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà yìí, wọn kì í ṣe àfikún. Afìfẹ́ṣe kò ní yunifásítì tó máa ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, òun ló sì lè mú kí àwòrán tí ẹnì kan yà lẹ́yìn ilé rẹ̀ dúró níwájú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láìtẹrí. Àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ máa béèrè fún un kí a tó sọ pé àwòrán kan dára.