Ilé Àgùdà tó di ilé oúnjẹ ní Àjàṣẹ́

Ní ìlú Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, àwọn ilé àtijọ́ kan wà tí a ń pè ní ilé Àgùdà. Díẹ̀ nínú wọn ti di ilé oúnjẹ. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń jókòó jẹ lórí àga gbọọrọ lẹ́bàá ọ̀nà. Aṣọ wà lórí tábìlì, àmúga àti ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, owó oúnjẹ sì ga. Mo lọ jẹun ní ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú ìyá kan tó wà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà wa. Ọmọ Kétu ni ìyá náà, ó ń ta àgbàdo ní ọjà Ouando. N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ni yóò dùn mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ilé tó jẹ́. Àgùdà ni àwọn tó ti ilẹ̀ Brazil padà wá sí etí òkun wa, àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti kó wọn tàbí àwọn òbí wọn lẹ́rú lọ sí ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó àti Mùsùlùmí, dìde ìjà ní ìlú Salvador ní Bahia. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn ìjà náà, ìjọba lé púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn dúdú tó ti gba òmìnira jáde. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ padà wá. Wọ́n sọ̀ sí Agoué, sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́, sí Èkó. Iṣẹ́ ọwọ́ bá wọn bọ̀: iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, iṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ oúnjẹ sísè. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́, tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ọwọ́ wọn ló ti wá.

Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ilé tí a lọ. Ilé alájà kan ni. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Wọ́n fi ọwọ́ mọ òdòdó àti ewé sí òkè ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà gbọọrọ kan la àárín ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá wà lápá ọ̀tún, yàrá wà lápá òsì. Ọ̀sán gangan la débẹ̀, oòrùn ń ta, ṣùgbọ́n bí a ti wọlé ni ara wa tutù. Kò sí ẹ̀rọ amútútù kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀nà àárín ilé kọjá, ògiri sì ń lé ooru sẹ́yìn. Àwọn tó tún ilé náà ṣe kò yọ ìlẹ̀kùn pákó ara fèrèsé kí wọ́n fi gíláàsì rọ́pò rẹ̀. Mo kí wọn fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo lọ wẹ ọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, mo sì rí ohun tí wọn ò fẹ́ kí àlejò rí. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ògiri ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ dé àyà ènìyàn. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, á sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ǹtì ń dí i. Omi á wà nínú, amọ̀ á rọ̀, sìmẹ́ǹtì á wú, á sì já bọ́ pẹ̀lú amọ̀ lára. Ibì kan ti wú bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ekuru pupa dà sílẹ̀. Bí wọn kò bá tètè yọ sìmẹ́ǹtì yìí, òjò mélòó kan sí i, ògiri náà á ṣubú sórí àwọn tó ń fọ àwo níbẹ̀.

Ó yá, oúnjẹ. Ọmọkùnrin kan gbé ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ sí wá fún wa. Faransé ni gbogbo rẹ̀, Faransé náà ni ó sì fi kí wa. Ìyá gba ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Ó ka iye owó, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Olùkọ́, ẹ wò ó. A ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ, ìwé yìí ní 'mo yó'!"

Moyo ló kà. Ọbẹ̀ tòmátì, àlùbọ́sà, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn Àgùdà ń dà sórí ẹja ni. Láti inú èdè Potogí ni orúkọ náà ti wá. Nínú gbogbo ìwé náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìyá lè kà nìyẹn. Ẹja yíyan wà níbẹ̀, dòdò wà níbẹ̀, àkàsà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ ẹ̀wù Faransé, ẹni tó ń sè wọ́n láti ìgbà èwe kò dá wọn mọ̀. Èló ni yóò ná wọn láti kọ "ẹja yíyan" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Nígbà tí ìyá fi Nàgó kí ọmọkùnrin náà, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ kúulẹ̀ mà." Ọmọ Pobè ni. Láti ìgbà náà lọ ni a tó rí i pé ó ní ẹ̀rín.

Ẹja náà dára gan-an. Ó tutù kí wọ́n tó yan án, awọ rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ kò gbẹ, iyọ̀ sì ti wọ̀ ọ́. Ọbẹ̀ moyo ni wọ́n bàjẹ́. Wọ́n ti lé ata jáde nínú rẹ̀ nítorí àwọn àlejò òyìnbó. Ìyá tọ́ ọ wò, ó ní ọbẹ̀ aláìsàn ni. Èyí tó bí i nínú jù ni àkàsà: wọ́n ti tú u kúrò nínú ewé, wọ́n gé e pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì. Òórùn ewé ni ìdajì àkàsà. Adìẹ tèmi le, kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ pẹ́. Omi ìṣápá dùn, ó ní ata ilẹ̀ nínú.

Mo béèrè feṣuada, ẹ̀wà tí àwọn Àgùdà ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè, tí wọ́n ń fi gàrí jẹ. Ọmọkùnrin náà ní ó dìgbà tí ènìyàn mẹ́wàá bá sọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú. Mo sì rí píísà nínú ìwé náà, mo rí sìpàgẹ́tì. Ìyẹn wà lójoojúmọ́.

Àwòrán ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wà lára ògiri, tàwọn ti aṣọ àtijọ́. Ìyá dìde, ó súnmọ́ ọn, ó ń wá orúkọ tí yóò kà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí. Ọmọkùnrin náà ní àwọn onílé ni. Kò mọ orúkọ wọn.

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé kí wọ́n ti ilé oúnjẹ náà pa. Ẹ rìn ní Àjàṣẹ́, ẹ ó rí ilé Àgùdà tí ojú rẹ̀ nìkan ló kù, tí igi ti hù nínú yàrá. Àwọn àrólé pọ̀, ẹnì kan kò lè dá páànù rà. Owó ẹja wa ló ń di páànù lórí ilé yìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa san án? Láti ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin gbà ni 52,000 sẹ́fà. Oúnjẹ ènìyàn méjì níbẹ̀ ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan lọ. Oúnjẹ aládùúgbò kan lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀wà àti gàrí ní owó pọ́ọ́kú ní ẹ̀yìnkùlé, kò ní lé àlejò kankan lọ.

Wọ́n mú ìwé owó wá: 20,500 sẹ́fà. Mo ti ń ki ọwọ́ bọ àpò, ìyá gba ìwé náà. Ó fi ìka tọ nọ́ńbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

"Ọmọ mi, ìgò omi méjì lẹ kọ síbí. Ọ̀kan la mu."

Ọmọkùnrin náà wo tábìlì, ó tọrọ àforíjì, ó yọ 1,500. A san 19,000.