Ìwọ̀n Ọwọ́

Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Tèmi tẹ́. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, nínú ilé wa ní Festac. Ìyá ọkọ mi ní ebè tiwọn lápá ọ̀tún ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì yọ̀ǹda apá òsì fún mi. Bí wọ́n ṣe rìnrìn àjò lọ sí Ìṣẹ́yìn báyìí, mo da irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ìdajì agolo mílíìkì sórí ebè kan tí kò gùn ju ẹní lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó hù bámúbámú bí irun orí ọmọ tuntun. Mo ń pe ará ilé wá wò ó. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti fún ara wọn lọ́rùn pa: ó rí tín-ín-rín, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń ṣubú lu ara. Màmá dé, wọ́n dúró ti ebè náà, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìyàwó, ta lo fẹ́ bọ́ nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

Wọ́n bu yanrìn gbígbẹ sínú abọ́, wọ́n fi ìka mẹ́ta já irúgbìn sí i, ìwọ̀n tí èèyàn fi ń já aáṣáà, wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n wá ń wọ́n ọn sórí ebè mìíràn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sẹ́ja. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀; ọwọ́ kò lè mọ iye tó mú, àfi kí yanrìn bá a mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára. Kò sí òṣùwọ̀n kankan nínú ọgbà wa títí dòní. Ọwọ́ ló ń wọ̀n ọ́n.

Ọdún 1976 ni Màmá mú ọkọ́, ní Sùúrùlérè tí wọ́n ń gbé nígbà náà. Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ló gbé Operation Feed the Nation dé lọ́dún náà, pé kí olúkúlùkù gbin nǹkan sí àyíká ilé rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àjọ̀dún FESTAC wáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún ará ìlú nígbẹ̀yìn, gègé sì mú bàbá ọkọ mi. Àwọn kan kó àga onítìmùtìmù wọlé. Màmá ru ìdì igi ewúro. Ewúro náà ṣì wà lẹ́bàá ògiri dòní.

Ilẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn. Yanrìn ni, yanrìn Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin kì í sì í rántí oore: ohun tí o bá fún un jẹ lóṣù Karùn-ún, òjò oṣù Kẹfà á ti gbé e lọ. Ìgbẹ́ adìẹ la fi ń tọ́jú rẹ̀, àmọ́ tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. A ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, a ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yá, mo máa ń ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà. Bó bá ṣì ń gbóná bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, kò tíì yá. Bó bá tutù, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó yá. (Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kì í dúró wo apá yìí.) A tún máa ń gbé ebè ga, nítorí bí òjò bá ti rinlẹ̀, èèyàn kì í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kó tó kan omi. Ní báyìí tí aládùúgbò gbogbo ń fi íńtálọ̀kì tẹ́ àyíká ilé wọn, tí wọ́n sì ń bi ara wọn pé níbo ni àgbàrá ti ń wá, ẹ̀yìnkùlé wa ni omi ń sá wá sí.

Ewédú ló le jù láti gbìn, òun náà ló dùn mọ́ mi jù. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Tí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, ó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó máa hù lọ́kọ̀ọ̀kan bí onígbèsè tó ń san owó díẹ̀díẹ̀. Omi gbígbóná ló ń jí i. Màmá máa ń dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, wọ́n á ka ení, èjì títí dé ẹẹ́wàá, wọ́n á yọ ọ́ sínú omi tútù. Bí kíkà bá yá jù, kò ní jí. Bó bá falẹ̀ jù, ó ti jinná. Nígbà tí mo bá ń kà á, mi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Fóònù lè dún títí.

Ti ugu yàtọ̀. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ímò, ló kọ́ mi. Èmi náà kọ́ ọ ní ewédú. Ó fi hàn mí pé ugu ní akọ, ó ní abo, irúgbìn kì í sì í sọ èwo ló wà nínú òun. Akọ a máa yára yọ òdòdó, ewé rẹ̀ a sì kéré. Abo ló ń ní ewé gbàǹgbà, òun náà ló ń so. Ó ní akọ ló ń ṣe ẹ̀ṣọ́, abo ló ń bọ́ ilé. A rẹ́rìn-ín títí, àwọn ọkọ wa sì wà nítòsí.

Omi ni mi kì í fi ṣeré. Omi kànga wa ni mo fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ mi. Omi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, a máa kun bọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹfà 2024, àwọn oníbàárà tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé omi wo ni mò ń lò, inú mi sì dùn pé wọ́n béèrè. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi omi gọ́tà wọ́n lè tutù yọ̀yọ̀ ju tèmi lọ. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀.

Èmi àti àwọn tó ń pe ewé ní oògùn gbogbo àrùn kì í rẹ́. Ewúro dára, mo ń jẹ ẹ́, mo ń tà á, kò sì lè rọ́pò oògùn àtọ̀gbẹ. Ẹnì kan ládùúgbò wa pa tirẹ̀ tì nítorí omi ewúro. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló bá a lọ. Oníbàárà mi mìíràn ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ewé bí ugu àti tẹ̀tẹ̀ ní fítámì K, tó ń ran dídì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà rẹ̀ kò ní kó má jẹ ẹ̀fọ́. Ó ní kí ìwọ̀n rẹ̀ má ṣe máa yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, ìdì tirẹ̀ kì í tóbi, kì í kéré. Òun nìkan ni kì í gba èènì lọ́wọ́ mi.

Èmi fúnra mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn mi. Ọgbà kò wò ó sàn. Ó kàn ń jí mi kí oòrùn tó yọ, ó ń mú mi bẹ̀rẹ̀, ó ń mú mi dìde. Orúnkún ń ráhùn. Mo ti gé fóòmù kékeré kan tí mò ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

A kì í fa ṣọkọ tu nílé wa. Gígé là ń gé e, ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, kó lè yọ ẹ̀ka. Ọwọ́ Màmá tóbi ju tèmi lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, mo máa ń fi ìbú ìka kan kún tèmi. Láàárọ̀ òní, oníbàárà kan láti 22 Road dúró tì mí títí mo fi gé tirẹ̀ tán. Mo dì í, mo fi ewé mẹ́ta ṣe èènì. Ó wo ebè, ó wò mí.

"Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ni ilẹ̀, ṣé ewé mẹ́ta náà ni èènì?"

Mo tún gé ẹyọ kan sí i.