Àpò Kọ́, Apó Ni

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló sọ èmi arúgbó di ẹni tó ń wo fíìmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé wa ní Súrùlérè níbí, a jọ tún Aníkúlápó ti Kunle Afolayan wò, èyí tó jáde lórí Netflix ní 30 oṣù Kẹsàn-án 2022. Bó ṣe parí báyìí, ó bi mí pé: "Bàbá, ká ní ẹ̀yin lẹ ni àdó yẹn, ta lẹ máa jí?" Mi ò dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ mi ná, n óò padà sórí ìbéèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fonọ́lọ́jì mọ̀ pé n kì í fojú di àmì ohùn. Ohun tá a máa ń gbọ́ ni pé Aníkúlápó ni ẹni tó ní ikú nínú àpò. Ṣùgbọ́n tá a bá so "ní" pọ̀ mọ́ "àpò", "lápò" la máa gbọ́, ohùn òkè kan, ohùn ìsàlẹ̀ kan. "Lápó" tó wà nínú orúkọ yìí, ohùn òkè méjì ló ní. Apó ló jẹ́, apó ọfà, èyí tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká, tí Bíbélì Yorùbá náà dárúkọ nínú Sáàmù 127.

Ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn? Ohun tó bá wọ àpò, a lè gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ti apó yàtọ̀. Ọdẹ mọ iye ọfà tó kù nínú ẹ̀, bó bá sì ku mẹ́ta péré, kò ní ta ọ̀kan sínú igbó lásán. Ẹni tó gbé ikú sápó mọ̀ pé ọjọ́ òun níye.

Sàró inú fíìmù náà kò mọ èyí. Ahunṣọ òfì ni, ó wọ ìlú Ọ̀yọ́ wá wá ọ̀nà àtijẹ, ó sì bá Àrólákẹ́, olorì ọba, yan àlè. Wọ́n lù ú pa. Ẹyẹ àkàlà jí i, Àrólákẹ́ sì gba àdó agbára lọ́wọ́ ẹyẹ náà. Ìlú mìíràn ni wọ́n sá lọ, níbi tí Sàró ti di ajíǹkú.

Níbi tí òkú ti ń dìde kọ́ ni fíìmù yìí ti dùn mọ́ mi jù, bí kò ṣe bí ìwà Sàró sí àwọn alààyè ṣe ń yí padà. Kunle Remi ṣe ipa yẹn dáadáa. Obìnrin tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí rẹ̀ di ẹni yẹpẹrẹ lójú rẹ̀. Ó ń fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, títí tó fi ní àfi kí wọ́n fi ọmọbìnrin ọba san owó iṣẹ́ òun. Ibẹ̀ ló bá a lọ. Ẹni tó lè jí òkú, kí ló máa ké alààyè sí? Bí ikú ò bá lè gba nǹkan kan lọ pátápátá, kí ló tún ṣọ̀wọ́n mọ́?

Àléébù kan wà. Fíìmù náà kò dúró gbọ́ tẹnu àwọn tí Sàró jí. Ó wù mí kí n mọ ohun tí wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n rí gbà padà ṣe. Abala tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2024 padà sọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi gbèsè tí Sàró gbọ́dọ̀ san.

Kí fíìmù yìí tó dé, àwa ará Mushin àti Súrùlérè ti mọ orúkọ náà. Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni Fela yọ Ransome kúrò, tó fi Aníkúlápó sí i. Ní 18 oṣù Kejì 1977, àwọn ṣọ́jà jó ilé rẹ̀ tó wà ní Agege Motor Road, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Màmá náà kú lọ́dún 1978. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka orúkọ yẹn sí ìhàlẹ̀, pé ikú ò lè mú un. Ó kú ní 2 oṣù Kẹjọ 1997, ní ẹni ọdún 58. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera tẹ́lẹ̀, ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé AIDS ni. Wọn ì bá bò ó mọ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣe nígbà náà. Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n yẹn ló túmọ̀ orúkọ àbúrò rẹ̀ bó ṣe yẹ: ó pe ikú lórúkọ, kí àwọn tó kù lè tọ́jú ẹ̀mí wọn.

Ó kù ìbéèrè ọmọ-ọmọ mi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Yábàá tá a jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A bínú síra wa lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Mo ń sọ pé tí ọdún Àjíǹde bá dé, n óò lọ bá a. Ó kú kí ọdún tó dé. Láti ilé mi dé ilé rẹ̀, ọkọ̀ dáńfó kan ṣoṣo ni. Àpò ni mo fi ìbẹ̀wò yẹn sí.

Mo ti wá dá ọmọ náà lóhùn: òun ni mi ò bá jí. Ó ní, "Kí lẹ máa sọ fún un?" Mo ní n óò tọrọ àforíjì. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyẹn náà ò gba àdó, Bàbá, ká ní ẹ tètè lọ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Mushin, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lọ́la òde yìí ni mò ń lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, tẹ́ ẹ bá wo fíìmù náà, ẹ kọ èrò yín ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ ti ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la fún, ẹ kọ́kọ́ lọ rí i ná.