Bí Ìgbín Bá Fà: Èrò Àwa Tí A Wo Ghost in the Shell

Lẹ́yìn ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ wa ní kí n jókòó bá àwọn wo fíìmù kan. Wọ́n ní, "Dádì, gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ pé a ti ń wo àwòrán jù. Ẹ wo ẹyọ kan ṣoṣo pẹ̀lú wa kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo bá jókòó. Iná ti lọ, bó ṣe máa ń lọ níbí ní Kaduna. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé àwòrán náà sára ògiri tí a máa ń gbé ọ̀rọ̀ orin sí, a sì wò ó títí dé òpin.

Ghost in the Shell ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Japan ló ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń pè ní anime, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà tó wá ń rìn tó ń sọ̀rọ̀. Mamoru Oshii ló darí rẹ̀, inú ìwé aláwòrán Masamune Shirow ni wọ́n ti mú ìtàn náà, ó sì jáde ní 1995. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní kí n wá wò ó kò tíì dáyé nígbà yẹn. Kò gùn, kò tiẹ̀ tó wákàtí kan ààbọ̀. Àwọn tó ṣe The Matrix ní 1999, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́gbọ́n.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí. Ọdún 2029 ni. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Kusanagi, ọ̀gá ni nínú ẹ̀ka kan tó ń bá ìjọba mú ọ̀daràn. Gbogbo ara rẹ̀, ẹ̀rọ ni. Ìwọ̀nba ọpọlọ ló kù nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti èèyàn. Ohun tó wà nínú èèyàn tó mú un jẹ́ èèyàn ni wọ́n ń pè ní "ghost" nínú fíìmù náà. Àwa á pè é ní ọkàn. Ara ẹ̀rọ yẹn ni ìkarahun. Ọ̀daràn tí wọ́n ń wá ni Puppet Master, ẹni tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọnú ọpọlọ àwọn ẹlòmíràn, tó ń lò wọ́n bí ọmọlangidi. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n rí i pé kì í ṣe èèyàn rárá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ni, tí àwọn ìjọba kan náà ṣe fún amí. Ó ní òun ti di alààyè, òun sì fẹ́ kí wọ́n dá ààbò bo òun bí ẹni tó sá àsálà wá. Ìdààmú wá bá Kusanagi. Bí ẹ̀rọ bá lè sọ pé òun ní ọkàn, ta ló wá fọwọ́ sọ̀yà fún un pé òun fúnra òun ní? Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bóyá òun ti kú tipẹ́, kó jẹ́ pé ẹ̀rọ lásán ló ń rò pé òun ni Kusanagi.

Nígbà tí a wò ó tán, ẹnu wa kò kò. Ẹ jẹ́ kí n to èrò àwọn èèyàn lẹ́sẹẹsẹ, kí n sì sọ tèmi sí i.

Arákùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, fíìmù yìí ti fà jù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ìjà ò tó." Mo mọ ohun tó ń sọ. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n kàn dúró tí wọ́n ń ro àròjinlẹ̀ síra wọn létí, bí ìgbà tí èmi náà bá gun orí pẹpẹ tí mi ò sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láàárín fíìmù náà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ rárá. Òjò ń rọ̀ sórí ìlú, ìlú kan tí wọ́n yà ní àwòṣe Hong Kong. Ọkọ̀ ojú omi ń kọjá, àwọn èèyàn gbé agbòòrùn. Orin Kenji Kawai ń lọ lábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin ló ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń sun ẹkún ìyàwó. Kusanagi wá gbójú sókè, ó rí obìnrin kan lẹ́yìn gíláàsì ilé oúnjẹ kan, ojú kan náà ni obìnrin yẹn àti òun ní. Wọ́n kàn wo ara wọn ni. Àwọn ère tí wọ́n fi ń ta aṣọ náà dúró lẹ́yìn gíláàsì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fẹnu sọ látàárọ̀, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn sọ ọ́ tán. Nítorí náà mo dá arákùnrin wa láre lórí ọ̀rọ̀ tó pọ̀, mi ò dá a láre lórí ìjà tí kò tó. Ibi tí fíìmù náà ti dákẹ́ gan-an ló ti lágbára jù.

Èrò kejì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ló sọ ọ́. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín wá fún àwọn ọmọ, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni wọ́n sì bá, níbi tí ìhòòhò obìnrin náà ti hàn. Ẹ̀yin náà mọ ojú tí wọ́n fi wò mí. "Pásítọ̀, ṣé ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ nílé Ọlọ́run nìyí?" Mi ò ní jiyàn pẹ̀lú wọn. Ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò wà nínú fíìmù yìí. Mo sọ ọ́ láìfi bò pé kì í ṣe ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ o. Òbí tó bá rò pé nítorí pé àwòrán yíyà ni, ọmọdé ló wà fún, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ṣùgbọ́n ìyá ìjọ tún ní kò sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n bá mi jókòó díẹ̀ sí i, torí pé ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Èrò kẹta ló gbé mi lọ́kàn jù. Ọ̀dọ́mọbìnrin wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́. Ó ní ti akólẹ̀kódọ̀tí yẹn lòun ń rò, òun ò tiẹ̀ rántí ìjà kankan mọ́. Akólẹ̀kódọ̀tí kan wà nínú fíìmù náà lóòótọ́. Ó gbà pé òun níyàwó, pé ìyàwó fẹ́ kọ òun sílẹ̀. Ó ń fi àwòrán ọmọ rẹ̀ obìnrin han ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un, wọ́n sọ fún un pé kò níyàwó rí, kò bímọ rí. Puppet Master ló fi ìrántí èké sí i lọ́pọlọ. Àwòrán tó ń fi yangàn, kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn jókòó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin wa ní, "Dádì, bí wọ́n bá gba ìrántí lọ́wọ́ èèyàn, kí ló kù?"

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé màmá mi wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé ibi tí wọ́n fi gèlè sí. Lẹ́yìn náà wọ́n ń pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ògì lọ fún wọn, wọ́n rọra dìde, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ọmọ ta ni yín?" Màmá tó bí mi ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Mo jáde lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yẹn bèèrè ohun tó kù, ó ju fíìmù lọ létí mi.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sórí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù. Kusanagi àti Batou, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wà nínú ọkọ̀ ojú omi lálẹ́. Lójijì, ohùn kan jáde látinú obìnrin náà, ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ 1 Kọ́ríńtì 13 ẹsẹ 12, èyí tó sọ pé bí ẹni ń wo jígí tó ṣú ni ìríran wa rí báyìí. Bíbélì àtijọ́ wa pe jígí yẹn ní awòjìji. Ní ìparí fíìmù, Kusanagi rán Batou létí ohùn ọjọ́ yẹn, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣáájú rẹ̀. Ó wá mú ẹsẹ 11 wá, ọ̀rọ̀ ọmọdé tó dàgbà tó fi ìwà ọmọdé sílẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ẹsẹ 12, ó padà sẹ́yìn lọ sí ẹsẹ 11. Ká ní ó tẹ̀ síwájú ni, kì bá ti bá ìfẹ́ pàdé ní ẹsẹ 13. Gbogbo orí yẹn, ìfẹ́ ló dá lé. Fíìmù náà mú jígí, ó mú ọmọdé, ó fi ìfẹ́ sílẹ̀ sórí tábìlì.

Ohun kan tún wà nínú ẹsẹ 12 yẹn kan náà tí wọn ò kà dé. Pọ́ọ̀lù kò dúró sórí pé a ó ríran dáadáa lọ́jọ́ kan. Ó sọ ọ́ títí dé ibi tó ti ní a ti mọ àwa fúnra wa ná. Ẹnìkan ti mọ̀ wá kí àwa tó mọ ara wa. Ìdáhùn sí ìbéèrè Kusanagi wà níbẹ̀, mo sì rò pé òun náà ni ìdáhùn sí ti ọmọ wa nọ́ọ̀sì. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, inú ara rẹ̀ ni Kusanagi ti ń wá ohun tó mú un jẹ́ ẹnìkan, nínú ọpọlọ, nínú ìrántí. Nígbà tí kò rí i, ó gbà kí Puppet Master àti òun para pọ̀ di ọ̀kan, kí ó lè tóbi ju ìkarahun rẹ̀ lọ. Ó tóbi lóòótọ́. Ó dúró lórí òkè ní ìparí, nínú ara ọmọdébìnrin, ó ń wo ìlú tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló dúró síbẹ̀.

Àbùkù tí mo rí nínú fíìmù yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ló là mí lójú. Ó ní, "Batou ńkọ́, sà?" Mo ronú, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Nígbà tí obìnrin náà ń bọ́ aṣọ ìwẹ̀dò, Batou gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn ìjà, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bò ó. Ara ẹ̀rọ ni o, tí ilé iṣẹ́ ṣe, àwọn mìíràn sì ń lò ó bí irinṣẹ́, síbẹ̀ òun fi ọ̀wọ̀ fún un bí ọmọ èèyàn. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ pa á yìnbọn látinú hẹlikópútà, apá ara rẹ̀ ni Batou gbé dí i, ìbọn sì já apá náà. Ó gbé orí rẹ̀ sá, ó wá ara tuntun fún un, ó ní kó máa gbé ilé òun títí tó bá fẹ́. Batou ò béèrè bóyá ọkàn wà nínú ìkarahun yẹn tàbí kò sí. Ó mọ ẹni tí òun mọ̀. Fíìmù náà kò ka ẹsẹ 13, ṣùgbọ́n ó ya á, bóyá àwọn tó yà á fura o, bóyá wọn ò fura.

Àwọn bàbá wa ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìrántí ni ìgbín náà, pé ibi tí ìrántí bá dúró sí ni èèyàn dúró sí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ṣoṣo tó kù máa ń pè lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn á ní, "Àbẹ̀kẹ́!" Màmá mi ò mọ ẹni tó ń pè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ìyẹn tó fún wa títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ṣé kí ẹ wò ó? Àgbàlagbà tó lè fara da ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò, tó sì lè jókòó bá àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó wò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò pàdánù ìgbàlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ wò ó bí ẹ ò wò ó, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Àwọn àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí a ti ṣíwọ́ lílọ kí. Mo ti gbọ́ ohun tí a máa ń sọ, èmi náà ti sọ ọ́ rí: "Kí la fẹ́ lọ ṣe? Wọn ò kúkú mọ̀ wá mọ́." Ẹ̀yin ará, àwa mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, ẹ jẹ́ ká yà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ pè wọ́n ní orúkọ wọn. Bí wọ́n bá bi yín pé ọmọ ta ni yín, ẹ tún un sọ, kí ẹ sì tún un sọ.

Kí Olúwa tó mọ̀ wá má gbàgbé wa o. Àmín.